NÍGBÀ TÍ AṢỌ ÀRÁNPỌ̀ KÒ BÁ DỌ́GBA

Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Kíláàsì Àwọn Àgbà

Bíbélì Kíkà: Ẹ́kísódù 26:1-14, 2 Kọ́ríńtì 10:12-13

Ẹsẹ Àkọ́sórí: 2 Kọ́ríńtì 10:12

Kíkà Ojoojúmọ́: Ajé, Ẹ́kísódù 25:1-9. Ìṣẹ́gun, Ẹ́kísódù 26:1-14. Ọjọ́rú, Ẹ́kísódù 35:20-29. Ọjọ́bọ̀, 2 Kọ́ríńtì 10:12-18. Ẹtì, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36-42. Àbámẹ́ta, Róòmù 15:1-7. Ọjọ́ Olúwa, Éfésù 4:11-16.

Ète Ẹ̀kọ́: Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí iṣẹ́ tí ọwọ́ púpọ̀ para pọ̀ ṣe nínú ìjọ kò bá dọ́gba, kí a tó sọ pé ẹnì kan ni ó bà á jẹ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Aṣọ tí ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lónìí ni aṣọ ìbora tí a fi àgékù aṣọ rán pọ̀, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní quilt. Aṣọ àránpọ̀ ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí i rí, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Aránṣọ tí kì í da àgékù ankárá nù a máa kó wọn jọ sínú àpò. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, a gé wọn ní onígun mẹ́rin, a rán wọn mọ́ ara wọn, a sì fi wọ́n bo ọmọ nígbà ọyẹ́. Ìpele mẹ́ta ni aṣọ bẹ́ẹ̀ máa ń ní: ojú rẹ̀, tí í ṣe àwọn àgékù tí a rán pọ̀, òwú tàbí aṣọ tí ó nípọn, tí a tẹ́ sí àárín, àti odindi aṣọ kan ní abẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já kí wọn má baà máa yẹ̀ lórí ara wọn.

Ojú aṣọ náà ni wàhálà rẹ̀ máa ń wà. A ti rán gbogbo rẹ̀ tán, a tẹ́ ẹ sórí ẹní, a wá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ, àárín rẹ̀ wú bí ikùn àpò, etí rẹ̀ sì ń ká sókè ká sílẹ̀. Àwọn kan á dì í mú ní igun méjì, wọn á máa fà á. Àwọn mìíràn á mú sísọ́ọ̀sì, wọn á gé ibi tí ó yọ jù dànù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀nà méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí pé bí a ti ń ṣe sí aṣọ ni a ń ṣe sí ara wa nínú ìjọ.

BÍ ÀÌDỌ́GBA ṢE Ń WỌLÉ

Kò sí ẹni tí ó jókòó pé òun fẹ́ rán aṣọ tí ó wọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá to àgékù 12 sí ìlà kan, ojú rírán 11 ni yóò wà láàárín wọn. Ìdámẹ́rin íǹṣì ni a sábà máa ń fi sílẹ̀ ní etí aṣọ kọ̀ọ̀kan fún ojú rírán. Jẹ́ kí a sọ pé ẹni tí ń rán an fi ìdámẹ́jọ íǹṣì péré wọ inú aṣọ ju bí ó ti yẹ lọ. Ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n etí aṣọ méjì ni ó pàdé ní ojú rírán kan, nítorí náà ìdámẹ́rin íǹṣì ni yóò sọnù níbi kọ̀ọ̀kan. Bí a ó bá fi dé ìparí ìlà náà, yóò ti fi íǹṣì 2¾ kúrú. Bí ẹlòmíràn bá rán ìlà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì rán tirẹ̀ bí ó ti yẹ, báwo ni àwọn ìlà méjèèjì yóò ṣe pàdé? Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè nàka sí ojú rírán kan ṣoṣo pé òun nìyí tí ó ba iṣẹ́ jẹ́.

Irú aṣọ tún wà nínú rẹ̀. Aṣọ òwú titun tí omi kò tí ì kàn máa ń súnkì nígbà tí a bá fọ̀ ọ́. Bí a bá rán an mọ́ èyí tí a ti fọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n pọ̀ ni titun yóò fa ògbólógbòó mọ́ra. Olúwa wa mọ̀ nípa èyí, ó sì fi ṣe àkàwé nínú Máàkù 2:21. (Ìhìn titun tí òun fúnra rẹ̀ mú wá ni Olúwa ń sọ níbẹ̀. Kí olùkọ́ jọ̀wọ́ má ṣe lò ó láti fi bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wí.) Àgbà aránṣọ a máa rẹ gbogbo àgékù rẹ̀ sómi, a sá wọn, kí ó tó gé ẹyọ kan. Aṣọ tí a gé láti igun dé igun náà máa ń fà bí rọ́bà. Ẹni tí ó bá ń lọ̀ ọ́, tí ó ń ti áyọ́ọ̀nù síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ dípò kí ó máa gbé e lé e kí ó sì máa gbé e kúrò, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á gùn ni.

Ṣùgbọ́n èyí tí a kì í fura sí ni ó burú jù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìjọ kan, gẹ́gẹ́ bí aṣíwájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ti sọ fún mi, yóò jẹ́ kí ó yé wa.

PÁÁLÍ TÍ WỌ́N FI SÍLÉ

Àwọn obìnrin 12 ni wọ́n pinnu láti rán aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ tuntun tí a bí ní ilé ìgbẹ̀bí. Kí olúkúlùkù mú onígun mẹ́rin kan wá, tí yóò jẹ́ íǹṣì 12 nígbà tí a bá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán. Mẹ́ta ní ìbú, mẹ́rin ní òró: aṣọ ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4, ó tó ọmọ ọwọ́. Aṣíwájú gé páálí kan ní íǹṣì 12½, kí ojú rírán lè ní àyè tirẹ̀, ó sì gbé e fún ẹni àkọ́kọ́ pé kí wọ́n máa gbé e kiri láti ilé dé ilé.

Ẹni àkọ́kọ́ fi páálí wọn tirẹ̀. Nígbà tí ẹnì kejì dé, páálí ti bọ́ sí abẹ́ ibùsùn, ó sì gbé onígun mẹ́rin tí ó ti rán fún un pé, “Ṣáà fi èyí wọ̀n ọ́n, bákan náà ni.” Ẹnì kẹta fi ti ẹnì kejì wọ̀n. Ẹnì kẹrin fi ti ẹnì kẹta wọ̀n. Òmíràn gé e sí ìta ìlà ṣọ́ọ̀kì, òmíràn gé e sí inú. Títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹsàn-án, tí í ṣe ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, ti ìyá yìí kò ju íǹṣì 11½ lọ. Obìnrin kan sọ ọ́ sókè pé, “Ẹ jẹ́ ká yọ ti Màmá kúrò. Ojú wọn kò ríran mọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú á rán òmíràn dípò rẹ̀.” Màmá ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Wọ́n gbọ́. Wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n jókòó títí ìpàdé fi parí, wọ́n bá wọn gbàdúrà ìkẹyìn. Ìpàdé méjì tí ó tẹ̀ lé e ni wọn kò wá.

Aṣíwájú mú téèpù, ó lọ bá wọn ní ilé. Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Lẹ́yìn ìkíni, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Kí ni ẹ fi wọn aṣọ yẹn?” Màmá wọ yàrá, wọ́n mú onígun mẹ́rin tí ẹnì kẹjọ gbé fún wọn jáde. Ẹnì kẹwàá kò gbà á lọ́wọ́ wọn, ti Màmá fúnra wọn ni ó mú lọ. Aṣíwájú tẹ́ téèpù lé e. Íǹṣì 11½. Ó tẹ́ ti Màmá lé e lórí. Etí sí etí, igun sí igun, kò fi òwú kan yọ. Màmá ní, “Èyí tí wọ́n gbé fún mi ni mo wọ̀n, ọmọ mi. Ṣé kò pé ni?”

Ó pé. Nínú àwọn méjèèjìlá, bóyá ni ẹnì kan wà tí ó rán tirẹ̀ bí ìwọ̀n tí a fi lé e lọ́wọ́ tó Màmá. Ìwọ̀n tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn ni kò pé mọ́.

ÀWỌN TÍ WỌ́N Ń FI ARA WỌN WỌN ARA WỌN

Kí a wá ṣí 2 Kọ́ríńtì 10:12. Àwọn kan wà ní Kọ́ríńtì tí wọ́n ń yin ara wọn, tí wọ́n sì ń fojú kéré Pọ́ọ̀lù pé ìwé rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ kò tó nǹkan. Pọ́ọ̀lù kò bá wọn díje. Ó ní òun kò jẹ́ fi ara òun wé wọn, nítorí láàárín ara wọn ni wọ́n ti ń wá òṣùwọ̀n. Ó sì sọ pé kò sí òye nínú rẹ̀. Ní ẹsẹ 13 ó padà sí ààlà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wọ̀n fún un.

Ẹ kíyè sí bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ẹni tuntun gba Jésù, ó dára pọ̀ mọ́ ìjọ. Ó rí i pé aago mẹ́sàn-án ni a kọ sí ara pátákó, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn àgbà ń wọlé. Láàárín oṣù mẹ́fà, òun náà ti ń dé ní aago mẹ́wàá kọjá. Nígbà náà ni a ó pè é sí ìpàdé, a ó sì bá a wí pé kò ní ìtara. Akápò titun gba ìwé owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀, ó ń kọ ọ́ bí ó ti bá a, a sì fi ẹ̀sùn kàn án ní ìparí ọdún pé ìwé kò yé ni. Kí a tó bá wọn wí, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa: kí ni a gbé fún un láti fi wọ̀n?

Odindi àpapọ̀ ìjọ lè bọ́ sínú èyí. Àwọn Onítẹ̀bọmi Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n rán Thomas Jefferson Bowen wá, tí ó gúnlẹ̀ sí Badagry ní ọdún 1850, ya kúrò lára àwọn ti Àríwá ní ọdún 1845 nítorí ọ̀ràn ẹrú. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì. Wọ́n mọ Bíbélì. Wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń dáwó fún iṣẹ́ Olúwa, àwa náà sì jẹ èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wọn ní ẹrú, díákónì wọn ní ẹrú, olúkúlùkù sì wo ẹnì kejì, ó rí i pé òun dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 1995 ni àpapọ̀ náà tó kéde ní gbangba pé àwọn kábàámọ̀, tí wọ́n sì tọrọ ìdáríjì. Àádọ́jọ ọdún ni. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún kíláàsì àwọn àgbà.

ÀGỌ́ TÍ Ọ̀PỌ̀ ỌWỌ́ ṢE

Ní Ẹ́kísódù 26, a rí iṣẹ́ aṣọ tí ó tóbi ju ti ilé ìgbẹ̀bí lọ. Orí 35:25-26 sọ fún wa pé àwọn obìnrin ni wọ́n ran òwú rẹ̀, àti ti irun ewúrẹ́. Bẹsalẹ́lì àti Òhólíábù ni olórí iṣẹ́. Ọwọ́ púpọ̀ ni, nínú aṣálẹ̀.

Kí olùkọ́ ya èyí sí ojú pátákó, nítorí ìwọ̀n ni ó pọ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ títa ọ̀gbọ̀ jẹ́ 10, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 28 ní gígùn àti 4 ní ìbú. A so márùn-ún pọ̀, a so márùn-ún yòókù pọ̀, a fi ojóbó 50 sí etí ti ìhín, 50 sí etí ti ọ̀hún, ìkọ́ wúrà 50 sì mú wọn di ọ̀kan. Lórí ìyẹn ni a ta ti irun ewúrẹ́ lé. Èyí jẹ́ 11, ìgbọ̀nwọ́ 30 ní gígùn, 4 ní ìbú. Márùn-ún lápá kan, mẹ́fà lápá kejì, ìkọ́ idẹ 50 láàárín wọn.

Ẹ ti rí i pé wọn kò dọ́gba. Ìbú aṣọ ọ̀gbọ̀ nígbà tí a so gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 40, ti irun ewúrẹ́ jẹ́ 44. Mẹ́rin ṣẹ́ kù. Ní ti gígùn, méjì ṣẹ́ kù. Kí ni Olúwa wí nípa èyí tí ó ṣẹ́ kù? Ẹ wo ẹsẹ 9: kí a ṣẹ́ aṣọ títa kẹfà po ní iwájú àgọ́, ìyẹn mú ìgbọ̀nwọ́ 2. Ẹsẹ 12: kí ìdajì aṣọ títa tí ó kù rọ̀ sí ẹ̀yìn, ìyẹn mú 2 mìíràn. Ẹsẹ 13: kí ìgbọ̀nwọ́ kan rọ̀ sí ìhà ìhín, kan sí ìhà ọ̀hún, láti bo àgọ́. Ìṣirò náà pé. Kò sí ibì kan tí a ti pàṣẹ pé kí a gé e.

Ẹnìkan nínú kíláàsì lè sọ pé, “Olùkọ́, èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ọlọ́run ni ó pinnu pé kí ó gùn jù.” Òótọ́ ni, kí olùkọ́ sì gbà fún un. A kò lè fi Ẹ́kísódù 26 sọ pé gbogbo àìdọ́gba ni Ọlọ́run fẹ́. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nígbà tí ohun méjì tí kò dọ́gba bá ní láti bo ilé kan náà, Olúwa a máa sọ ibi tí èyí tí ó lé yóò wà àti iṣẹ́ tí yóò ṣe. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tí ó dára jù, tí a ya kérúbù sí, òun ni ó kúrú. Irun ewúrẹ́ tí kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ ni ó gùn, òun ni ó sì bo etí rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Ìgbọ̀nwọ́ ni ìwọ̀n láti igun apá dé orí ìka àárín, nǹkan bí íǹṣì 18. Apá ènìyàn kò sì gùn bákan náà. Kí olùkọ́ pe ẹni tí ó ga jù àti ẹni tí ó kúrú jù nínú kíláàsì kí wọ́n fi apá wọn wọn tábìlì, kí a rí bí iye wọn yóò ṣe yàtọ̀. Nínú orí 25:40 àti 26:30, Olúwa rán Mósè létí pé kí ó wo àpẹẹrẹ tí a fi hàn án ní orí òkè. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni, ibẹ̀ sì ni gbogbo wọn yóò máa padà sí.

KÍ NI KÍ A ṢE SÍ AṢỌ NÁÀ?

Nísinsìnyí kí a padà sí ẹní tí a tẹ́ aṣọ wa lé.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni wíwọ̀n, láti àárín. Etí aṣọ a máa purọ́, nítorí pé òun ni ọwọ́ ń fà jù, òun ni kò sì ní ojú rírán tí ó dì í mú. Kí a wọ̀n ọ́n gba àárín kọjá, kí a tún wọ̀n ọ́n ní ibi méjì mìíràn. Ìwọ̀n àárín ni kí a fi gé aṣọ etí tí yóò yí i ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wọ̀n rárá. Wọn á kàn máa rán aṣọ etí gbọọrọ lọ títí yóò fi dé òpin, wọn á gé èyí tí ó kù. Ìdí nìyẹn tí etí fi ń jó.

Bí èyí tí ó lé kò bá pọ̀, kí a má ṣe gé e. Kí a fi píìnì mú igun méjèèjì, kí a mú àárín, kí a mú ìdámẹ́rin lápá méjèèjì, kí a sì pín èyí tí ó lé káàkiri láàárín àwọn píìnì náà. Bí ẹ̀rọ ni a fi ń rán an, ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn ni kí ó wà ní ìsàlẹ̀, nítorí pé eyín ẹ̀rọ tí ń kó aṣọ lọ yóò máa kó o wọlé díẹ̀díẹ̀. Èyí gba sùúrù. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò rí i pé gbogbo rẹ̀ ti kó jọ sí òpin, tí ó sì ká pọ̀ níbẹ̀.

Èyí tí ó kéré jù kò ṣeé fà. Bí a bá fà á dé ìwọ̀n, ojú rírán rẹ̀ á máa fẹ́ já, omi àkọ́kọ́ ni yóò sì tú àṣírí. Ohun tí a ń ṣe ni kí a rán ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, kí ó lé díẹ̀, kí a sì wá gé ọ̀já náà dé ìwọ̀n páálí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí ti Màmá, lẹ́yìn tí aṣíwájú bẹ̀ wọ́n, tí wọ́n sì padà wá. Adìrẹ aláró ni wọ́n fi yí i ká. Wọ́n ṣe bákan náà sí ẹyọ mẹ́ta mìíràn tí wọ́n kéré, nítorí pé nígbà tí a rí páálí lábẹ́ ibùsùn, tí a fi wọn gbogbo rẹ̀, a rí i pé Màmá nìkan kọ́.

Èyí tí ó tóbi jù ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Obìnrin tí ó ní kí a yọ ti Màmá, tirẹ̀ jẹ́ íǹṣì 13. Ó ní, “Títóbi sàn ju kíkéré lọ.” Wọ́n ní kí ó tú u, kí ó tún un rán. Inú bí i, ó ní kí wọ́n ṣáà gé e létí. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ni ó rán sínú tirẹ̀, bí a bá sì gé e létí, gbogbo ṣóńṣó ìràwọ̀ náà ni yóò bá a lọ. Ìgbà mẹ́ta ni aṣíwájú bá a sọ ọ́ kí ó tó mú réésà láti tú u. Ìfẹ́ kò ní kí a fi onígun mẹ́rin tí ó wú sílẹ̀ nítorí kí ẹni tí ó rán an má baà bínú. Ọmọ ọwọ́ ni yóò sùn lábẹ́ rẹ̀, ibi tí aṣọ bá sì ti ká kò ní jẹ́ kí ó sinmi. Èmi rò pé a máa ń yára tú iṣẹ́ ẹni tí kò lè bá wa jà, a sì máa ń fi ti ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè sílẹ̀. Róòmù 15:1 kọ́ àwọn alágbára ní ohun mìíràn.

ṢÉ GBOGBO RẸ̀ GBỌ́DỌ̀ RÍ BÁKAN NÁÀ?

Rárá o. Ní Ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí a ti bí Bowen, a bí obìnrin kan sínú oko ẹrú ní ọdún 1837, Harriet Powers ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ó rán aṣọ àránpọ̀ kan tí ó fi àgékù aṣọ ya àwọn ìtàn Bíbélì sí: Ádámù àti Éfà, Káínì àti Ébẹ́lì, àlá Jékọ́bù, ìtẹ̀bọmi Olúwa wa, Oúnjẹ Alẹ́, ikú rẹ̀ lórí àgbélébùú. Ní ọdún 1886 ó gbé e lọ síbi àfihàn òwú ní ìlú Athens. Olùkọ́ kan tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, Jennie Smith, fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò tà á. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyà jẹ ẹ́, ó sì béèrè dọ́là 10. Dọ́là 5 ni ó gbà. Ó padà lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti lọ wo aṣọ náà, bí ìyá ṣe ń lọ wo ọmọ. Ó kú ní 1910. Lónìí, aṣọ náà wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Smithsonian ní Washington.

Àwòrán 11 ni ó wà lórí rẹ̀, ní ìlà 3. Ẹ pín 11 sí ọ̀nà 3 kí ẹ wò ó. Kò sí bí wọn yóò ṣe fẹ̀ bákan náà. Ìtàn kan gba àyè púpọ̀, òmíràn gba díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní òpin.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nínú ìjọ, ta ni ó gbé ìwọ̀n fún ọ? Ǹjẹ́ o ti fi wé àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ rí?

2. Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó fi páálí sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn sọ fún Màmá?

3. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:39. Kí ni àwọn opó náà ń fi han Pétérù, kí sì ni ìdí tí wọn kò fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ Dọ́káàsì?

4. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tí ó yẹ kí a fi ọ̀já yí ká àti èyí tí ó yẹ kí a tú?

5. Bí ẹnì kan bá wà nínú kíláàsì yín tí kò wá fún ọjọ́ ìsinmi méjì, ta ni yóò lọ bá a ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí sì ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi í?